Mo lọ wo ìgbì ní Nazaré, mo bá òkun lójú oorun

Fídíò ló kó mi sí i. Ẹ máa mọ̀ ọ́n, èyí tí ìgbì òkun á dìde bí ilé alájà mẹ́jọ, tí ẹnì kan báyìí á wà lórí pátákó níwájú ẹ̀, á máa sá bọ̀ nísàlẹ̀ bí èèrà tí wọ́n da omi lé lórí, tí ilé olódi kékeré kan tó ní iná pupa lórí á sì yọ lọ́wọ́ iwájú, tí èrò tò sórí òrùlé ẹ̀ bí lékeléke. Mo ti wò ó láìmọye ìgbà kí n tó mọ̀ pé Nazaré ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ìlú apẹja ní ilẹ̀ Potogí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé Lisbon wá ní kí n wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ òun, mo ní ṣé a lè yà síbẹ̀, ó ní kí ló dé tí a ò ní lè yà síbẹ̀. Ìparí oṣù keje ni o. Mi ò béèrè, òun náà ò sì rántí sọ, pé ìgbà òtútù ni ìgbì yẹn máa ń wá, láti oṣù kẹwàá lọ sí oṣù kẹta, nígbà tí ìjì bá ń jà lórí Àtìláńtíìkì. Ẹni tó ní Google lọ́wọ́ tí kò bi í ní nǹkan kan, èmi nìyẹn.

Bọ́ọ̀sì láti Lisbon lọ síbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì, nǹkan bíi kìlómítà 120 sápá àríwá. A ti sanwó yàrá sílẹ̀ lórí fóònù láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, a dé ibùdókọ̀ a pe onílé, kò gbé e, a tún pè, ó já a, ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta nọ́ńbà ò lọ mọ́ rárá. Oòrùn ń pa wá, báàgì wà lẹ́yìn wa, ọ̀rẹ́ mi ti ń fi èdè Potogí ṣépè fún ẹni tí ò gbọ́. Ibẹ̀ ni màmá kan ti yọ sí wa, ó gbé pálí kan dání tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé Quartos, Rooms, Zimmer, Chambres. Yàrá, yàrá, yàrá, yàrá. Èdè mẹ́rin fún nǹkan kan ṣoṣo. Ó ní 60 yúrò, ọ̀rẹ́ mi ní 40, màmá wo báàgì wa, ó wo òógùn tó ń ṣàn lójú mi, ó ti mọ̀ pé a ò níbì kan tí a ń lọ, ó ní 55, ó sì ti yíjú padà ó ń lọ kí a tó dáhùn. A tẹ̀ lé e.

Aṣọ dúdú ló wọ̀ látòkè délẹ̀, ìborùn dúdú, yẹtí wúrà ńlá létí, yẹ̀rì tó dé orúnkún, sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé opó ni, pé dúdú ni àwọn opó ibẹ̀ ń wọ̀ àti pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í bọ́ ọ mọ́ títí wọ́n á fi kú. Ilé ẹ̀ wà ní ọ̀kan nínú àwọn òpópónà tóóró yẹn tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí gbogbo wọn já sí etí òkun, aṣọ tí wọ́n sá ń fì lẹ́nu fèrèsé, àwọn àgbàlagbà obìnrin jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà wọ́n ń wo ẹni tó ń kọjá. Yàrá yẹn kéré ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní, bẹ́ẹ̀dì méjì, àwòrán Màríà kan, àti fọ́tò ọkùnrin kan tó dé fìlà, kò rẹ́rìn-ín, ó ń wo ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ti apá òsì. Èmi ni mo sùn sí apá òsì. Mi ò béèrè, màmá ò sì sọ.

Ká tó ṣe nǹkan míì a sọ̀kalẹ̀ lọ sétí òkun. Iyanrìn wúrà lọ rẹrẹ bí òṣùpá oníwo, àgọ́ aṣọ aláràbarà tò lórí ẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ìlà ìlà ni aṣọ wọn, bí èèyàn bá fẹ́ ibòòji, owó ni yóò fi gbà á. Àwọn ọmọdé ń ké, àwọn bàbá oníkùn ńlá ń sun oorun wọn nínú oòrùn, ẹni tó ń ta dónọ́ọ̀tì ń pariwo ọjà ẹ̀ kiri. Ká ní ẹ ò mọ ìtàn ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ máa rò pé torí àwọn tó wá gbafẹ́ ni Ọlọ́run ṣe da iyanrìn yẹn síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ló wà níbi tí àwọn àgọ́ yẹn wà. Nazaré ò ní èbúté nígbà yẹn o. Orí iyanrìn ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, tí wọ́n bá fẹ́ lọ wọ́n á tì í wọ omi, wọ́n á ki orí ẹ̀ bọ inú ìgbì, wọ́n á máa wa àjẹ̀ kíkankíkan kí ìgbì tó ń bọ̀ lẹ́yìn tó dé. Àbọ̀ ló tún wá le ju àlọ lọ, torí tó o bá ń bọ̀, ẹ̀yìn lo kọ sí ìgbì, ẹrù ẹja ti wọ ọkọ̀ lọ́rùn, ìyàwó àti ìyá sì wà lórí iyanrìn tí wọ́n ń wò ẹ́. Ọkọ̀ lè dojú dé ní ibi tí wọ́n ti lè rí ojú ẹni tó wà nínú ẹ̀. Tó bá sì gúnlẹ̀ láyọ̀, màlúù ni wọ́n fi ń wọ́ ọ gòkè, nígbà tó yá wọ́n ra katakata. Ìgbà tó di àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ èbúté gidi sí apá gúúsù ìlú, tó ní odi òkúta tó ń dá ìgbì dúró, gbogbo ọkọ̀ sì kó lọ síbẹ̀. Ẹ̀mí tí èbúté yẹn gbà là ò ṣeé kà. Ṣùgbọ́n ó tún ṣe nǹkan kejì tí ẹnikẹ́ni kì í sábà sọ: ó sọ iyanrìn di òfìfo. Àwọn tó ń wá wẹ̀ lókun ti ń wá láti ayé àwọn bàbá bàbá wọn, àwọn àti apẹja ni wọ́n jọ ń pín ilẹ̀ yẹn, ọkọ̀ níhìn-ín, àgọ́ lọ́hùn-ún. Bí ọkọ̀ ṣe kúrò báyìí, àgọ́ ló gba gbogbo ẹ̀.

Wọ́n ṣì fi mélòó kan sílẹ̀ fún ìran wíwò. Wọ́n tò wọ́n sórí iyanrìn níwájú ọ̀nà ńlá, wọ́n kùn wọ́n ní pupa, yẹ́lò àti búlúù, imú wọn ṣóńṣó wọ́n nà án sókè bí ẹni tí ń gbóòórùn nǹkan, òmíràn ní ojú tí wọ́n yà sí i níwájú. Àwọn ọmọdé ń gùn wọ́n ya fọ́tò. Èmi náà yà á, kí n má purọ́. Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń wá ya wọ́n ní fọ́tò ṣá, Stanley Kubrick, kó tó di ẹni tó ń ṣe sinimá, wá síbẹ̀ ní 1948 nígbà tó ń ya fọ́tò fún ìwé ìròyìn Look ti Amẹ́ríkà, kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ohun tó wá wò ni àwọn apẹja, aṣọ wọn, ọkọ̀ wọn àti màlúù wọn. Ìlú yẹn ti mọ bí wọ́n ṣe ń wo ojú kámẹ́rà ṣáájú kí ó tó ní èbúté.

Ẹ jẹ́ n sọ ti yẹ̀rì méje. Gbogbo ohun tí wọ́n ń tà fún àlejò ló ní obìnrin oníyẹ̀rì méje lára, ife, mágínẹ́ẹ̀tì, bèbí, tówẹ̀lì. Wọ́n ní obìnrin Nazaré a máa wọ yẹ̀rì méje lé ara wọn. Kí ló dé tó jẹ́ méje? Ẹni tí mo kọ́kọ́ bi ní ọjọ́ méje tó wà nínú ọ̀sẹ̀ ni, ẹlòmíì ní àwọ̀ méje inú òṣùmàrè. Èyí tí mo gbà gbọ́ nìyí: wọ́n ní tí àwọn obìnrin bá jókòó sí iyanrìn láàárọ̀ tàbí lóru tí wọ́n ń retí ọkọ wọn, òtútù ń mú, wọ́n á ká èyí tó wà lókè bo orí àti èjìká, wọ́n á fi ti ìsàlẹ̀ wé ẹsẹ̀. Wọ́n tún ní wọ́n máa ń ka ìgbì, pé lẹ́yìn ìgbì keje òkun á rọ̀ díẹ̀, ìgbà yẹn ni ọkọ̀ lè rápálá wọlé, kí nọ́ńbà má bàa dàrú wọ́n lórí wọ́n á fi yẹ̀rì kà á. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ní kí ọ̀rẹ́ mi bá mi bi màmá onílé pé mélòó ló wọ̀. Màmá gbé etí yẹ̀rì sókè díẹ̀ ó fi hàn wá, ó ní méjì, ooru ń mú. Ó ní méje wà fún ọdún, ó sì wà fún àwọn tó ń ya fọ́tò.

Lọ́jọ́ kejì a gòkè. Ìlú yẹn pín sí mẹ́ta: Praia ni ìsàlẹ̀ létí òkun, Pederneira ni ìlú àtijọ́ tó wà lórí òkè lápá kan, Sítio sì ni orí àpáta ńlá tó ga tó mítà 110, tó yọ sínú òkun bí imú. Àtẹ̀gùn wà tó o bá ní eékún, mi ò ní, ọkọ̀ tí wọ́n fi wáyà fà gun òkè la wọ̀. Láti 1889 ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà ẹ̀ gùn tó mítà 318, ó sì dà gẹ̀rẹ́ débi pé ẹni tó bá jókòó lápá ẹ̀yìn á máa rò pé òun fẹ́ ṣubú bọ́ sórí òrùlé ẹni ẹlẹ́ni.

Lókè níbẹ̀ ni ìtàn orúkọ ìlú wà. Wọ́n ní ère Màríà kékeré kan, dúdú ni, ló ti Násárẹ́tì wá, Násárẹ́tì tí Jésù ti wá gan-an, pé inú ihò àpáta ni wọ́n gbé e pa mọ́ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ní lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án 1182, ọlọ́lá kan tí wọ́n ń pè ní Dom Fuas Roupinho gun ẹṣin ó ń lé àgbọ̀nrín nínú kùrukùru, àgbọ̀nrín já sí etí àpáta ó bọ́ sísàlẹ̀, ẹṣin ń lọ síbẹ̀ náà, ọkùnrin yẹn bá ké pe Màríà, ẹṣin sì dúró gbọn-in ní bèbè. Wọ́n kọ́ ilé àdúrà kékeré kan síbẹ̀, kò ju yàrá kan lọ, táìlì aláwòrán búlúù ló bo ògiri ẹ̀ látòkè délẹ̀. Àmì pátákò ẹṣin wà lára òkúta, wọ́n á fi hàn ẹ́. Mo wò ó títí. Ẹ ṣá jẹ́ ká fi í síbẹ̀. Ère dúdú yẹn gan-an wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó kọjú sí gbàgede, àwọn èèyàn sì ti ń wá láti ọ̀nà jíjìn wá kúnlẹ̀ fún un kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ Nazaré mọ́ ìgbì. Wọ́n ní Vasco da Gama, atukọ̀ òkun Potogí àtijọ́ yẹn, náà wá.

Láti ibẹ̀ ẹ óò rìn sọ̀kalẹ̀ dé ilé olódi inú fídíò yẹn, São Miguel Arcanjo, 1577 ni wọ́n kọ́ ọ, iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà dé orí ẹ̀ ní 1903. Ọkàn mi ń lù kìkì. A gun orí òrùlé, mo di irin mú, mo wo apá àríwá, Praia do Norte, ibi tí ìgbì yẹn ti ń dìde.

Kò sí nǹkan kan.

Omi búlúù. Ìgbì tí kò dé èjìká mi ń rọra wá ó ń rọra lọ. Ọkùnrin kan ń fi bọ́ọ̀lù ṣeré pẹ̀lú ajá ẹ̀ létí omi. Ọ̀rẹ́ mi wò mí ó bú sẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti jókòó.

Inú ilé olódi yẹn ni mo ti wá lọ kọ́ ẹ̀kọ́ tó yẹ kí n kọ́ nílé. Pátákó àwọn tó ń gun ìgbì wà lára ògiri níbẹ̀, òmíràn ti ya sí méjì. Garrett McNamara, ará Hawaii, ló kọ́kọ́ jẹ́ kí ayé gbọ́ orúkọ ibẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2011, ìgbì tó gùn ga tó mítà 23.8. Maya Gabeira, obìnrin ará Brazil, fẹ́rẹ̀ẹ́ kú síbẹ̀ ní 2013, wọ́n gbé e jáde kò mí mọ́, orí iyanrìn ni wọ́n ti tẹ àyà ẹ̀ títí èémí fi padà, ó sì tún padà wá, ní 2020 ó gun ìgbì tó ga tó mítà 22.4. Lọ́dún yẹn kan náà, ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, Sebastian Steudtner ará Jámánì gun ti mítà 26.21. Ọkọ̀ kékeré bí ọ̀kadà orí omi ló ń fà wọ́n wọnú ìgbì torí ọwọ́ lásán ò lè bá a sáré. Ní 2023 ọkùnrin ará Brazil kan kú síbẹ̀. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, àwọn bàbá wa ló sọ bẹ́ẹ̀, àwọn wọ̀nyí tiẹ̀ ń fi tẹlifóònù wò ó lọ́jọ́ mẹ́rin ṣáájú pé ìgbà wo ló máa hó, kí wọ́n lè tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú.

Ìdí tó fi ń ga tó bẹ́ẹ̀, abẹ́ omi ló wà. Ọ̀gbun kan wà nísàlẹ̀ òkun níbẹ̀, ó gùn ju kìlómítà igba lọ, ó jìn tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mítà márùn-ún ní ibi tó jìn jù, ẹnu ẹ̀ sì wá já sí ẹsẹ̀ àpáta yẹn gan-an, bí ẹni pé ẹnì kan fi ọ̀bẹ la ilẹ̀ abẹ́ òkun títí tó fi kan ìlú. Ìgbì tó bá ń ti àárín òkun bọ̀, tó bá dé ibi tí omi ò jìn, ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa gbo ilẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ṣùgbọ́n èyí tó bá gba inú ọ̀gbun bọ̀ ò rí ilẹ̀ tó máa gbo, eré ló ń sá bọ̀ tààrà. Ni ọ̀kan bá ń fà tí ìkejì ń sáré, wọ́n á tẹ̀ sí ara wọn, wọ́n á pàdé níwájú ilé olódi, èyí á gun èyí lórí, omi tó ń padà bọ̀ láti etíkun á tún tì í sókè. Mo ṣe é lórí tábìlì fún ọ̀rẹ́ mi lálẹ́, mo fi fọ́ọ̀kì méjì ṣe ìgbì, mo da omi sí i lára.

Ohun tó wá jọ mí lójú jù nìyí. Gbogbo ọdún tí ìlú yẹn ti wà, ohun tí wọ́n ń bẹ Màríà dúdú yẹn fún ni pé kí òkun sinmi. Àwọn tó ni hòtẹ́ẹ̀lì báyìí ń bẹ Ọlọ́run kan náà ní oṣù kọkànlá pé kó ru. Ọkùnrin tó gbé ẹja wá sí tábìlì wa sọ ọ́ fún wa fúnra ẹ̀, ó ní ìgbà òtútù tẹ́lẹ̀ ìlú á dá páropáro, àwọn á ti ilẹ̀kùn, pé láti bí 2011 ni wọ́n ti ń rí oúnjẹ jẹ ní oṣù kìíní. Ó ní tí ìgbì bá ti ga ju mítà 20 lọ kò ní sí ibi tí wọ́n máa gbé mọ́tò sí ní Sítio. Ẹja yẹn dára o, ṣáwá tí wọ́n sun lórí ẹyin iná, iyọ̀ hóró hóró lára ẹ̀, ọ̀dùnkún sísè, ó tán síbẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, a jí, a ò bá màmá nílé. A bá a létí òkun. Ẹja ló ń sá. Àwọn obìnrin bíi mélòó kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣì ń ṣe é, wọ́n ní férémù igi tí wọ́n ta àwọ̀n sí lójú, wọ́n gbé e dà gẹ̀rẹ́ sórí iyanrìn kó lè kọjú sí oòrùn. Ẹja kòtè ló pọ̀ jù, ṣáwá wà níbẹ̀, octopus náà wà níbẹ̀ tí wọ́n na apá ẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bí aṣọ tí wọ́n sá. Kò sí èéfín rárá, oòrùn àti atẹ́gùn òkun nìkan ni. Mo jókòó tì í mo ń wò ó. Á mú kòtè kan, á fi ọ̀bẹ kékeré la ẹ̀yìn ẹ̀ láti orí dé ìrù, ọwọ́ kan á ti ko ìfun dànù, á ṣí i sílẹ̀ bí ìwé, á fi í sínú abọ́ omi iyọ̀, á mú èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, á tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n, awọ ẹ̀ nísàlẹ̀. Kò wo ọwọ́ ẹ̀ rárá. Èmi ló ń wò. Ó ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí oòrùn bá mú, àwọn kan sì wà tó fẹ́ èyí tí kò tíì gbẹ tán, wọ́n ní òun ló dùn jù.

Ọ̀rẹ́ mi wá bi í léèrè, mi ò ní kó bi í o, òun ló wù, pé ṣé màmá máa ń gòkè lọ wo ìgbì ńlá yẹn nígbà òtútù. Màmá ò gbójú sókè. Ó ní rárá. Ó ní tó bá ti ru, òun máa ń gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì, gíláàsì fèrèsé á máa gbọ̀n, òun á sì dìde lọ gbé tíì kaná. Ó ní àwọn àlejò tó wà nínú yàrá yẹn máa ń sáré jáde lóru pẹ̀lú fóònù.

Ó fi ìwé ìròyìn wé kòtè mẹ́fà fún mi. Mo ní èló ni, ó sọ iye owó, kò dín kọ́bọ̀ kan. Ó ní kí n má fi sínú fíríìjì o, kí n wá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ kọ́ ọ sí. A wọ bọ́ọ̀sì, mo gbé e lé itan, kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti kó ẹrù ẹ̀ lọ sí ìjókòó ẹ̀yìn.